Ehoro Tí Mo Gbé Lọ Wọ̀n

Àwọn kan ṣì wà láyé ní agboolé ọkọ mi àtijọ́ tí wọ́n ń sọ fún ọmọ-ọmọ wọn pé ehoro ló lé mi jáde nílé ọkọ. Mi ò bá wọn jà. Ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni wọ́n ń tún sọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò sì sọ òtítọ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, àfi ìgbà tó bá ṣèèṣì. Ṣùgbọ́n èmi náà ní ọwọ́ tí mo fi ń kọ̀wé, mo sì ti dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n ń sọ fún pé kó ṣe sùúrù.

Òyìnbó kan ló fún mi ní ehoro náà. Ogun ti parí nígbà náà, Ìlọrin ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀, gbogbo ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń di báírò mú sì ń wáṣẹ́ ìjọba káàkiri. Òyìnbó yìí ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ní iléèwé tó wà nítòsí iléèwé àwọn obìnrin tí èmi ti ń ṣe tíṣà. Ó ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílé. Ó ti ta mọ́tò rẹ̀, ó ti ta fíríìjì, ó wá ku ehoro kan ṣoṣo. Gbogbo ẹni tó bá fi lọ̀ ló ń bi í bóyá ata rodo ni wọ́n fi ń sè é tàbí ata gbígbẹ. Èmi nìkan ni mi ò béèrè ọbẹ̀, ló bá gbé e fún mi.

Ẹ má rò pé ehoro inú oko ni mò ń wí, èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń fi tàkúté mú, tí gbogbo ara rẹ̀ kò kún àwo ọbẹ̀ kan. Ńṣe ni wọ́n ń sin irú èyí nílùú òyìnbó kó lè tóbi. Ó funfun bí òwú. Etí rẹ̀ gùn ju ọwọ́ mi lọ, bó bá sì na ara rẹ̀ gbọọrọ sẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó bá fẹ́ wọlé yóò ká aṣọ sókè kó tó lè dá a kọjá. Òyìnbó náà fún mi ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí lóṣooṣù. Ó ní bí ìwọ̀n náà bá ti já wálẹ̀, kí n mọ̀ pé àìsàn ti wọlé, nítorí pé ehoro kì í ké, kì í sì í fi ibi tó ń dùn ún hàn. Mo ní ìyẹn kò ṣòroó yé mi, mo ti gbé ilé ọkọ fún ọdún mẹ́fà.

Agboolé àáfà ni mo fẹ́ sí. Bàbá ọkọ mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní ìloro. Ìyá ọkọ mi ń ta aṣọ òfì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, obìnrin, ti kúrò nílé ọkọ méjì, ó sì ti padà wá jókòó sílé bàbá rẹ̀ láti máa kọ́ àwa ìyàwó ilé bí wọ́n ṣe ń gbé ilé ọkọ. Ọkọ mi ní tirẹ̀ jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí gbogbo ayé ṣe ń pè é nìyẹn. Ohun tí jẹ́jẹ́ rẹ̀ túmọ̀ sí ni pé bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ń bú mi, yóò ṣí ìwé ìròyìn, yóò fi bojú títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi tán. Ó máa ń mọ ìròyìn gan-an.

Mi ò tí ì bímọ. Mo ní láti sọ ọ́, nítorí pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà tí kì í sọ ọ́.

Ọjọ́ tí mo gbé ehoro wọlé, àwọn ọmọ kéwú dákẹ́ láàárín súrà, èyí tí ẹgba bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí wọ́n máa dán wò. Àwọn àgbà ilé yí mi ká. Wọ́n bi bàbá bóyá ó tọ́ láti jẹ. Bàbá ní ehoro tọ́, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ó wá wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi títí, ó ní òun kò tí ì sọ pé ehoro nìyí o. Ìyá ọkọ mi ní bí èyí bá jẹ́ ehoro, a jẹ́ pé ẹ̀kúté ni ewúrẹ́ òun. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi jiyàn lé e lórí, lórí èékánná rẹ̀, lórí ètè rẹ̀ tó là, lórí bó ṣe ń jẹ ẹnu láìrí ohun tó ń jẹ. Kò sí ẹni tó bi èmi tí ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Obìnrin ni mí, ìyàwó ilé ni mí, mo sì kàwé. Ìkẹta yẹn ni wọn kò lè dárí jì mí.

Mo gba àpótí pákó kan, mo tẹ́ koríko gbígbẹ sí i, mo gbé e sí yàrá mi. Bí mo bá ń ti iléèwé bọ̀, mo máa ń já ewé yúnyun lẹ́bàá ọ̀nà, tí àwọn tó mọ̀ mí ń kí mi pé tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o, ṣé ẹ ti wá ń ta ewé ni. Bí mo bá ń máàkì ìwé àwọn ọmọ, ehoro yóò wá gbé gbogbo ara rẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀, yóò sùn, títí ẹsẹ̀ náà yóò fi kú. Bí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bá yọjú, ehoro yóò fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lu ilẹ̀ gbì, lẹ́ẹ̀kan, bí adájọ́. Òyìnbó náà ti sọ fún mi pé ohun tí ehoro ń ṣe nìyẹn bó bá rí ewu. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Nínú ilé tí àpótí aṣọ mi pàápàá ní ẹni tó máa ń tú u wò nígbà tí mo bá wà níbi iṣẹ́, òun nìkan ni ohun tó jẹ́ tèmi, kò sì bi mí léèrè nǹkan oṣù mi rí.

Oṣù méjì àkọ́kọ́, ojú ni mo fi wọ̀n ọ́n. Ní oṣù kẹta, ooru mú gan-an, kò jẹ ewé rẹ̀ tán fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀rù sì bà mí. Ibo ni mo ti fẹ́ rí òṣùwọ̀n? Ní ọjà Ìpàtà, kòǹgò ni wọ́n fi ń wọn ọkà, ta ni yóò sì fi kòǹgò wọn ehoro? Àwọn alápatà kò ní òṣùwọ̀n kankan ju ojú wọn àti ọ̀bẹ lọ, mi ò sì fẹ́ kí ojú wọn kàn án. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó jẹ́ nọ́ọ̀sì níbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ ọwọ́. Ó ní kí n gbé e wá, ṣùgbọ́n kí n tètè dé kí àwọn ìyálọ́mọ tó pọ̀.

Mo pẹ́. Inú agbọ̀n ni mo kọ́kọ́ gbé e sí, ṣùgbọ́n ó fò jáde lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dé Táíwò Road, àwọn oníṣọ́ọ̀bù sì ti ń dìde. Ni mo bá gbé e mọ́ àyà, mo fi ìborùn wé e láti orí dé ìdí, bí ẹni gbọ́mọ. Bí mo ṣe débẹ̀ nìyẹn, tí mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ìyálọ́mọ bíi méjìlá.

Obìnrin tó jókòó tì mí kí mi dáadáa. Ó ní ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ọwọ́ lómi. Ó ní ọmọ yìí mà tóbi o, Ọlọ́run yóò dá a sí. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ó ti ṣí ìborùn láti wo ojú rẹ̀. Etí méjì nà jáde.

"Bísímílà," obìnrin náà wí. Kò pariwo. Ó wo ehoro, ó wo èmi, ó wá béèrè bí ẹni tó fẹ́ mọ òótọ́: "Ta ló jọ?"

Ó yẹ kí n sọ fún un pé ẹran ọ̀sìn ni, pé mo wá wọ̀n ọ́n. Ẹlòmíràn ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Èmi wí pé, "Ìdílé bàbá rẹ̀ ló jọ. Etí gbogbo wọn ló gùn báyìí."

Àwọn tó gbọ́ rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó gbé ehoro sórí òṣùwọ̀n, ó sì wọ póùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó lé díẹ̀, kò dín rárá sí ohun tó wà nínú ìwé òyìnbó. Ó wúwo ju ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá ọmọ oṣù méje kan sì bínú, ó ní òṣùwọ̀n náà ti bàjẹ́. Mo dúpẹ́, mo gbé ẹran mi, mo lọ sílé pẹ̀lú ìdùnnú. Mi ò mọ̀ pé ẹnìkan lára àwọn tó rẹ́rìn-ín ní àbúrò tó fẹ́ sí agboolé tó kángun sí tiwa.

Ọ̀rọ̀ náà dé ilé kí wọ́n tó kírun Alásárì. Nígbà tí wọ́n fi kírun tán, ó ti hu eyín. Wọ́n ní mo ti sọ ehoro lórúkọ, wọ́n ní mo pọ̀n ọ́n la ọjà kọjá. Àwọn kan ní mo fún un lọ́yàn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá dúró sẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú ẹ̀rín tí mi ò rí lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kejì ti kó ẹrù rẹ̀ síta.

"Ìyàwó, o kú ewu ọmọ," ó wí. "A gbọ́ pé o ti lọ wọ̀n ọ́n. A tún gbọ́ pé àwa ló jọ."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

"O ò dárúkọ. O ní gbogbo wa ni."

Ehoro lu ilẹ̀ gbì. Nínú ọkàn mi mo ní bí kì í bá ṣe pé etí ẹ̀gbọ́n gùn lóòótọ́, báwo ló ṣe gbọ́?

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n pe ìpàdé. Bàbá ọkọ mi kò sí níbẹ̀, ó lọ ṣe wáàsí ní abúlé kan. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé ìdí tí wọ́n fi mú ọjọ́ náà nìyẹn. Ìyá ọkọ mi sunkún. Ó ní ọdún mẹ́fà ni òun ti ń retí ọmọ ọmọ, ehoro ni wọ́n wá gbé wọlé fún òun. Ó ti lọ sọ́dọ̀ àáfà kan ní àdúgbò mìíràn, irú èyí tó ń ríran, nítorí pé bàbá kì í ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àáfà náà ti rí i pé ohun kan ń gbé ní yàrá mi tó gba àyè ọmọ. Ó ní kí wọ́n fi ẹran funfun ṣe sàráà ní ọjọ́ Jímọ̀. Mo ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò láti bí ọdún mẹ́jọ nígbà náà, mo sì mọ ìṣirò tí wọ́n ti ní ìdáhùn rẹ̀ lọ́wọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní àgbò funfun kan lẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, wọ́n sì ti rí àmì dúdú lábẹ́ ìrù rẹ̀. Àgbò náà kò kúkú yẹ.

Ní yàrá, ọkọ mi ká ìwé ìròyìn rẹ̀ sí mẹ́rin. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo.

"Wọ́n fẹ́ kí n fẹ́ ìyàwó kejì," ó wí. "Wọ́n ti rí ọmọge náà. Ṣùgbọ́n bí o bá yọ̀ǹda ehoro yìí fún sàráà, màá sọ fún wọn pé mi ò ṣe mọ́."

Mo bi í bóyá òótọ́ ló ń sọ.

"Ṣé mo ti parọ́ fún ọ rí?"

Ìbéèrè tó dára gan-an ni. Ó yẹ kí n jókòó, kí n wá ìdáhùn sí i.

Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi rò ó. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín pé obìnrin tó mọ̀wé wà níbì kan tó ń fi ọkọ wé ehoro. Ehoro kò ṣẹ̀ mí. Ọkọ mi ti ṣẹ̀ mí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀, ẹ má bi mí ní ìdí, mi ò rí i títí di òní. Mo mọ ohun tí ìyàwó kejì ń ṣe fún ìyálé tí kò bímọ. Mo ti rí i nínú ilé náà gan-an, obìnrin kan ní yàrá ìpẹ̀kun tó jẹ́ pé ìgbà tí iṣẹ́ bá wà nìkan ni wọ́n ń rántí pé ó wà. Ehoro mi tàbí àyè mi. Ní ọjọ́bọ̀, mo sọ fún ọkọ mi pé mo gbà. Ó ní obìnrin rere ni mí. Ó lọ sùn, ó sì sùn dáadáa.

Bàbá ọkọ mi ti dé láti abúlé. Òun ló máa ń dúńbú ẹran fún gbogbo ilé. Láàárọ̀ Jímọ̀, mo fún ehoro ní ewé yúnyun tó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó jẹ ẹ́ tán, mo gbé e lọ bá bàbá lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti gbé omi kaná. Ó ti pọ́n abẹ́ ọ̀bẹ fún bàbá rẹ̀, ọmọ tó mọ ìtọ́jú bàbá ni. Bàbá ní kó lọ dúró lọ́hùn-ún. Ó kọjú sí gábàsì, ó ní kí n gbé ẹran náà sílẹ̀, kí n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ehoro kò jà. Ọwọ́ mi ló mọ̀.

"Kí ni àníyàn rẹ, ìyàwó?" bàbá wí. Bó ṣe máa ń bi gbogbo ẹni tó bá ń ṣe sàráà nìyẹn, kò ní fọwọ́ kan ẹran títí onítọ̀hún yóò fi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Mo ti sọ ọ́ lọ́kàn mi láti àná, nítorí náà mi ò kólòlò. Mo ní, "Kí Ọlọ́run fún mi lọ́mọ, bàbá. Kí ọmọ yín má sì fẹ́ ìyàwó lé mi."

Bàbá kò gbé ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ó wo ojú mi títí, títí ìtìjú fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi, tí mo rò pé mo ti sọ ohun tí kò tọ́.

"Ìyàwó, wọn ò sọ fún ọ?"

Mo ní kí ni.

"A ti so yìgì náà. Jímọ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Èmi fúnra mi ni mo dúró gba ìyàwó fún ọkọ rẹ ní mọ́sálásí àwọn ará ilé ìyàwó." Ó ti fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Wọ́n ní o mọ̀ sí i. Wọ́n ní ìwọ lo fi obì ránṣẹ́."

Yìgì kò nílò kí ọmọge tí wọ́n ń fẹ́ pàápàá wà níbẹ̀, ká má tilẹ̀ wí ti ìyàwó tó wà nílé. Àwọn ọkùnrin yóò jókòó, wọn yóò pín obì, ó ti parí. Jímọ̀ mẹ́ta sẹ́yìn! Kí n tó gbé ehoro lọ sórí òṣùwọ̀n nìyẹn, kí n tó sọ ọ̀rọ̀ etí, kí àáfà kankan tó ríran. Ìgbà tí ọkọ mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó ń bi mí bóyá òun ti parọ́ fún mi rí, ọkọ ìyàwó méjì ni. Ó kàn fẹ́ mọ bóyá òun lè gba ìyàwó tuntun kí òun sì jẹ ẹran lé e ni.

Bàbá tú ọwọ́ mi kúrò lẹ́sẹ̀ ehoro. "Ẹran tí wọ́n bá fi irọ́ gbà, kì í ṣe sàráà," ó wí. "Èmi kò ní dúńbú rẹ̀. Gbé e."

Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Àgbà ọkùnrin tó ń fi ẹgba kọ́ ọmọ ní òtítọ́ láti àárọ̀ dé ọ̀sán, àwọn ará ilé rẹ̀ ti fi òun náà ṣe ẹlẹ́rìí èké. Mo rò pé ìyẹn dùn ún ju tèmi lọ. Mi ò dá a lẹ́bi.

Mo gbé ehoro kọjá níwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ó béèrè bóyá bàbá kò dúńbú rẹ̀ ni. Mo ní omi tó gbé kaná náà kò ní ṣòfò, kó lọ fi wẹ ìyàwó tuntun. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yọ igi lábẹ́ ìkòkò. Ọdún mẹ́fà, ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i bẹ́ẹ̀ nìyẹn, mo sì dúró díẹ̀ láti wò ó dáadáa.

Aṣọ àti ìwé mi nìkan ni mo kó. Ọkọ mi wà ní ọ́fíìsì, ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Iléèwé wa ní ilé kékeré mélòó kan fún àwọn tíṣà, mo gba yàrá kan níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, èmi àti ẹran mi.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọkọ mi mú àwọn àgbà méjì lẹ́yìn, wọ́n wá bẹ̀ mí. Wọ́n sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní ọkùnrin lè fẹ́ mẹ́rin, mo ní mo mọ̀, mo ti gbé ilé àáfà. Wọ́n ní kí ni ẹ̀sùn mi gan-an. Mo ní mi ò ní ẹ̀sùn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní, bí ọkọ mi bá sì lè dáhùn rẹ̀ níwájú wọn, màá di ẹrù mi padà.

"Obì tí wọ́n ní mo fi ránṣẹ́," mo wí, "ta ló rà á?"

Àwọn àgbà kọjú sí i. Kò sí ìwé ìròyìn nínú yàrá mi. Ó wo ilẹ̀, ibẹ̀ ni ehoro sì nà sí, tó gba gbogbo àárín wọn. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó ní ṣé èyí ni ehoro náà, ó mà tóbi o. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ó tún ní kí ló ń jẹ. Mo ní ewé. A tún kọjú sí ọkọ mi. Nígbà tí àgbà náà rí i pé ọkọ mi kò ní fọhùn, ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sọ fún un pé kí wọ́n máa lọ, kí òòrùn tó mú sí i.

Mo sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, mo kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà méjèèjì bó ṣe yẹ. Mo wá ti ilẹ̀kùn, mo jókòó ti ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi, nítorí ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo gbọ́dọ̀ dá a padà fún wọn.